Corolla 2003 tí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì

Toyota Corolla ọdún 2003 ni ọkọ̀ náà, gíà ọtọmátíìkì, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní lítà 1.8. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun ló ni ín, òun ló fi ń kó ẹrù lọ, tó fi ń kó ẹrù bọ̀. Ariwo kan ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kọ́-kọ́-kọ́-kọ́, ariwo tó gbẹ, tó le, tí ẹni tó dúró lódìkejì títì á gbọ́. Mẹ́káníìkì méjì ti gbọ́ ọ, ẹjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì sì dá: ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí ìyá lọ wá owó tókúnbọ̀. Èkejì tilẹ̀ ti bá wọn ná ẹ́ńjìnnì kan sílẹ̀ ní Araromi, ní Agodi Gate. Ó ku kí wọ́n sanwó ni ọmọ ìyá náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá wa gbọ́ ọ," ló wí. "Bẹ́ ẹ bá ní ó ti kú, a ó gbà pé ó ti kú."

N kò bú àwọn méjì tó ṣáájú. Ìbàdàn la wà, níbi tí gbogbo awakọ̀ takisí Micra ti jẹ́ dókítà ẹ́ńjìnnì. Tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá da yín pọ̀ ní Ìwó Road, wọ́n á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á sọ àìsàn ọkọ̀ rẹ fún ọ láìgba kọ́bọ̀. Ariwo yìí sì jọ nọ́ọ̀kì lóòótọ́.

Kí ẹni tí kò mọ inú ẹ́ńjìnnì lè bá wa lọ: písítìn ń lọ sókè sódò, rọ́ọ̀dù ló so ó mọ́ kíránkì tó ń yí nísàlẹ̀. Níbi tí rọ́ọ̀dù ti di kíránkì mú, irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn tí à ń pè ní béárìn. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa ṣàn níbẹ̀ nígbà gbogbo kí irin má baà fara kan irin. Bí ọ́ìlì bá tán, tàbí tó dọ̀tí kọjá ààlà, béárìn á jẹ, àlàfo á ṣí, gbogbo ìgbà tí iná bá ti písítìn wálẹ̀ ni rọ́ọ̀dù á máa gbá kíránkì. Nọ́ọ̀kì nìyẹn. Bí èèyàn bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan rọ́ọ̀dù á já, á sì lu ara ẹ́ńjìnnì yọ síta. Ẹni tó bá ní kí o gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kò purọ́ fún ọ.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé gbogbo ohun tó bá ti ń dún kọ́-kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Púlè kíránkì tí bóòtì rẹ̀ ti tú a máa dún bẹ́ẹ̀. Tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa fánbẹ́ẹ̀tì a máa dún bẹ́ẹ̀, pàápàá lára 1ZZ yìí. Ẹ́ńjìnnì sítì, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, tó ti ya ńkọ́? Gásíkẹ́ẹ̀tì sàlẹ́ńsà tó ń jò ńkọ́? Bí o bá ra ẹ́ńjìnnì nítorí ọ̀kan nínú wọn, wàá gbé èyí tí ara rẹ̀ le jáde, wàá fi èyí tí o kò mọ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ rọ́pò, ariwo náà sì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè la fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀lé ọkọ̀ wá.

"Màmá, ẹ kú ìrìn. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kò tíì pẹ́ rárá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àfi bó ṣe di báyìí."

"Kí ni wọ́n ṣe sí i gbẹ̀yìn kó tó bẹ̀rẹ̀?"

"Wọn ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì o, ọmọ mi."

Bí oníbàárà ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni ariwo ti ń wá létí wọn, ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n á sì máa rántí. Mo ní mi ò béèrè ẹ́ńjìnnì, ohunkóhun ni, ì báà jẹ́ táyà. Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ dá sí i: gíà ń yọ̀ ṣáájú Iléyá, wọ́n sì fi tókúnbọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo dé. "Ṣùgbọ́n gíà yẹn ò ní wàhálà, Ọ̀gá. Ó ń wọlé dáadáa."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé. N kò tíì ní kí wọ́n fọwọ́ kan gíà, torí afurasí mìíràn wà nílẹ̀. Nígbà tí ọmọṣẹ́ mi fa gééjì yọ, ọ́ìlì kò dé ìlà ìsàlẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo àwọn 1ZZ ìbẹ̀rẹ̀ á mọ ìtàn yìí. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn wọn kéré, èédú a máa dí i, rínǹgì ọ́ìlì á lẹ̀, ọ́ìlì á sì máa bá epo jóná láìjò sílẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Toyota tún písítìn náà ṣe nígbà tó yá. Lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnnì náà ń gbà pẹ̀lú fílítà. Bí lítà kan àtààbọ̀ bá ti pòórá níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yọ gééjì wò, béárìn wà nínú ewu. Ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ náà sì ki. Mẹ́káníìkì kejì ló da 20W-50 sí i, ó ní kí ariwo lè rọlẹ̀. Ìwé tí Toyota kọ fún ọkọ̀ yìí, 5W-30 ló dárúkọ. Ọ́ìlì tó ki a máa bo ariwo mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, èyí kò sì ran ẹni tó fẹ́ mọ orísun rẹ̀ lọ́wọ́.

Torí náà ẹjọ́ méjì ló wà níwájú wa: ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ tó lè ti ba béárìn jẹ́, àti gíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ mú wa gbàgbé èkejì.

A kún ọ́ìlì dé ìlà òkè, a jẹ́ kí ọkọ̀ sùn ní ṣọ́ọ̀bù, a sì ta á láàárọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ti tutù pátá. Ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé òtútù àti ooru ń ya ariwo sọ́tọ̀. Sàlẹ́ńsà tó ń jò a máa pariwo nígbà tí ara irin tutù. Tó bá gbóná, irin á wú, á dí ojú ibẹ̀. Písítìn tó ti rọ̀ nínú sìlíńdà rẹ̀ náà, òwúrọ̀ ló ń ké jù. Ti ṣéènì tó ń yí kámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù lókè ẹ́ńjìnnì), ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, kí ọ́ìlì tó dé ọ̀dọ̀ tẹ́ńṣọ́nà rẹ̀. Tiwa kò bá ìkankan mu. Ó dún nígbà tó tutù, ó dún jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó gbóná.

A tẹ tọ́tù díẹ̀. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ fura gidi. Nọ́ọ̀kì tòótọ́, bí o bá ṣe ń gbé eré ẹ́ńjìnnì sókè ló ń burú; ibi tó ti máa ń hàn jù ni bí 2,000 sí 3,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan tí ẹrù kò sí lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Ti ọkọ̀ yìí, orí sìló ló ti ń ké jù, ìgbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù rárá. Bó ṣe kọjá 1,500, ariwo rọlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Bí o bá fi tọ́tù sílẹ̀ lójijì, á dún gbà! lẹ́ẹ̀kan, kọ́-kọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà tẹ bíréèkì kó ju gíà sí D: ariwo yí ohùn padà, ó di kù-kù-kù, ó sì dínkù. Ó dá a padà sí N, kọ́-kọ́ padà dé. Nígbà tí a pa á, ó gbọn jìgìjìgì kó tó dákẹ́.

Béárìn rọ́ọ̀dù ò mọ̀ bóyá D lo wà tàbí N tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, owó ẹ́ńjìnnì odidi ló sì wà lórí ọ̀rọ̀ náà. A yọ súwíìṣì ọ́ìlì kúrò, a fi gééjì tó ń ka agbára ọ́ìlì dè é síbẹ̀, a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé kí agbára ọ́ìlì tó nǹkan bíi 10 psi fún gbogbo 1,000 yíyí. Lórí sìló, ó lé ní 15. Ní 3,000, ó sún mọ́ 50. Bí béárìn bá ti jẹ débi tí ariwo rẹ̀ á fi kọjá títì, ibẹ̀ ni ọ́ìlì á máa gbà sá, ọwọ́ gééjì á sì lọ sílẹ̀ lórí sìló. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á ní ọ́ìlì kíki ló gbé e sókè. Mo gbà, ìdí nìyẹn tí a fi da gbogbo ọ́ìlì náà sínú abọ́ funfun, tí a sì fi ayùn irin gé fílítà sí méjì. A tẹ́ bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn. Ó dúdú, ó dọ̀tí, ṣùgbọ́n èéfọ́ irin kan tó ń dán kò sí níbẹ̀. Béárìn tó ń kú kì í kú láìfi ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú fílítà. A rọ 5W-30 tuntun sí i, a tún ka agbára rẹ̀: ó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ṣì dára.

Fánbẹ́ẹ̀tì ló kàn. Bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo nǹkan lára 1ZZ, ọ́títanétọ̀, páǹpù omi, páwà sítíárìn, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ AC. A yọ ọ́, a ta ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá péréte, torí omi kò yí nínú ẹ́ńjìnnì ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó bá gbàgbé ara rẹ̀ níbẹ̀ á sun gásíkẹ́ẹ̀tì orí. Ariwo wà níbẹ̀. A di púlè kíránkì mú, a mì ín. Bóòtì rẹ̀ fún.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti sọ pé "nọ́ọ̀kì" fún máa béèrè lọ́wọ́ mẹ́káníìkì rẹ̀. Kọ́ìlì mẹ́rin tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí pọ́lọ́ọ̀gì tirẹ̀. A ń yọ wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ń fi mẹ́ta ṣiṣẹ́, ó ń gbọ̀n. Bí sìlíńdà kan kò bá jóná mọ́, kò sí ohun tó ń fi agbára ti písítìn rẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn ni pé bí béárìn rẹ̀ bá jẹ, ariwo á rọlẹ̀ tàbí kó yí padà kedere lórí ọ̀kan yẹn. A yọ ìkínní, kò sí ìyàtọ̀. Ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, bákan náà. Ẹ má ṣe é pẹ́ ṣá, epo tí kò jóná yẹn ń lọ sínú kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín nínú sàlẹ́ńsà.

Ọmọṣẹ́ mi tó kéré jù ló mú èyí tó kàn wá, mo sì gbóríyìn fún un. Ó fi fóònù rẹ̀ gba ohùn náà sílẹ̀, ó fà á gùn kó lè máa dún pẹ̀lẹ́, a sì jókòó kà á. Lórí sìló tó jẹ́ nǹkan bíi 700 yíyí ní ìṣẹ́jú, kíránkì ń yí bí ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámù tó wà lókè, ìdajì rẹ̀ ni, bí 6. Ohun tó bá ń dún ní ìgbà 6, ọ̀dọ̀ fáàfù ló sábà máa ń wà. Tiwa sún mọ́ 12. Ìsàlẹ̀ ni, kíránkì fúnra rẹ̀ tàbí ohun tí wọ́n dè mọ́ ọn. A sì ti dá rọ́ọ̀dù sílẹ̀, a ti dá púlè sílẹ̀. Ohun tó kù tí wọ́n dè mọ́ kíránkì ni fúláíwíìlì, ní ìdí kejì, níbi tí gíà ti pàdé ẹ́ńjìnnì.

Mo gbé sìkúrúdíráífà gígùn, ìdí rẹ̀ sí etí, ẹnu rẹ̀ sí ara irin. (Ẹ ká apá aṣọ yín sókè o, kí ẹ sì mọ ibi tí fáànù wà.) Lórí kọ́fà fáàfù, tíkí-tíkí lásán ti ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo. Níwájú ṣéènì, jẹ́ẹ́. Lábẹ́, níbi táǹkì ọ́ìlì, mo gbọ́ ọ, ó jìnnà. Nígbà tí mo gbé e sí ìdí gíà lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ó gbá mi létí.

Ìdérí kékeré kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tí èèyàn lè tú láìsọ gíà kalẹ̀. Ẹnu ihò yẹn ni bóòtì tó so tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà (ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà ọtọmátíìkì) mọ́ fúláíwíìlì ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹnì kan bá ń fi sípánà yí kíránkì láti iwájú. Mẹ́fà ni wọ́n. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí mẹ́ta nínú wọn. Méjì kò jọ àwọn yòókù, orí wọn yàtọ̀, ẹni tó dè wọ́n ló mọ ibi tó ti ṣà wọ́n. Ihò tí ọ̀kan wà nínú rẹ̀ ti fẹ̀. Lórí N, kò sí ohun tó ń fa kọ̀nfátà, bí sìlíńdà ṣe ń jóná ni ó ń mì síwá sẹ́yìn láàárín àwọn bóòtì yẹn. Lórí D, ẹrù gíà ń fà á sí apá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń rọlẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ká fún un ká máa lọ ni?" ni ọmọ náà béèrè, inú rẹ̀ ti dùn.

A fún wọn, fún ìdánwò. Ariwo lọ sílẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò tán. Ohun kan ṣì ń tàn-tàn-tàn lábẹ́. Ìbéèrè mi sì ni pé kí ló tú bóòtì wọ̀nyẹn? Bóòtì tí wọ́n dè dáadáa kì í ṣàdédé tú láàárín oṣù díẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé gíà máa sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dùn, ó ti sanwó ìsọ̀kalẹ̀ gíà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ó gbà.

Nígbà tó sọ̀, a rí i. Fúláíwíìlì ọkọ̀ ọtọmátíìkì kò nípọn bíi ti oní-kìlọ́ọ̀jì, irin pẹlẹbẹ ni. Tiwa ti sán láti ibi bóòtì kíránkì kan dé ibi èkejì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, píìnì kékeré méjì ló yẹ kó wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àwọn ló ń mú kí méjèèjì dọ́gba kí wọ́n tó fún bóòtì. Ọ̀kan ṣoṣo la bá. Ó dájú lójú tèmi pé èkejì bá gíà àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ oní-kóndo-kòndo tó ń ra àlòkù irin. Láìsí i, gíà yẹn jókòó bí ọmọrí tí kò bá ìkòkò mu: bóòtì á fún, ojú á rí i pé ó ti wọlé, ṣùgbọ́n àárín méjèèjì kò ṣe déédéé. Gbogbo ìgbà tí kíránkì bá yí, ó ń tẹ fúláíwíìlì díẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí irin fi rẹ̀, bóòtì fi tú. Ká ní a fún bóòtì ká sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ ni, ariwo á padà, tàbí kí fúláíwíìlì já sí méjì lójú ọ̀nà Ifẹ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ nínú ọkọ̀.

Araromi náà la padà lọ, ṣùgbọ́n fúláíwíìlì la lọ rà. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé ògbólógbòó dání lọ. Ẹ ka eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi wé tuntun, ẹ to méjèèjì léra kí ẹ rí i pé ihò bá ihò mu. Fún ti sísán, kẹrosíìnì ni mo fi pa á, mo nù ún gbẹ, mo wá bu ẹfun lúbúlúbú sí i lójú. Bí ó bá sán níbikíbi, kẹrosíìnì tó ti sá wọ inú ibẹ̀ á yọ padà, á fa ìlà sórí ẹfun. Àkọ́kọ́ tí wọ́n kó fún wa fa ìlà. Ọlọ́jà ní ìdọ̀tí ni. A mú òmíràn. A rí píìnì yọ lára ẹ́ńjìnnì kan tó ti kú, a ra bóòtì mẹ́fà tó gùn bákan náà, torí èyí tó bá gùn jù lè tẹ ara kọ̀nfátà wọlé. A sì pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kíránkì nígbà tí ibẹ̀ ti ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dá irú gíà yìí padà, ẹ má kánjú lórí kọ̀nfátà. Ó gbọ́dọ̀ wọlé tán sínú páǹpù gíà, ẹ máa yí i kí ẹ máa tì í, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń jó wọlé ní ìpele ìpele. Bí gíà bá ti bá ẹ́ńjìnnì pàdé, tí ẹ kò tíì fi bóòtì kọ̀nfátà kan sí i, ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè yí i, kó sì tún lè sún síwájú díẹ̀. Bí kò bá sún, kò wọlé tán nìyẹn. Ẹni tó bá fi bóòtì fà á wọlé tipátipá ti fọ́ páǹpù.

Ó jí, ó dákẹ́. Lórí N, lórí D, pẹ̀lú AC, láìsí AC. A wà á láti Bódìjà gba Sẹkitéríàtì lọ sí Mókólá, a gun òkè ibẹ̀ pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀, a dúró lórí òkè, a tún gbéra. Tíkí-tíkí ínjẹ́tọ̀ nìkan ló kù, ìyẹn sì wà lára gbogbo 1ZZ.

Màmá fẹ́ lọ bá àwọn tó pààrọ̀ gíà jà. Mo kó fúláíwíìlì tó sán àti bóòtì méjì àjèjì yẹn sínú báàgì fún un, mo ní kó fi hàn wọ́n kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí gíà ṣe dé láti òkè òkun ni wọ́n ṣe gbé e sí i. Wọ́n dá apá kan owó iṣẹ́ padà fún un lẹ́yìn àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ohun tí kò tán ni ọ́ìlì. Rínǹgì ẹ́ńjìnnì náà ṣì ń mu ún, a kò fọwọ́ kan ìyẹn, n kò sì rí ìdí tó fi yẹ ká tú ẹ́ńjìnnì tí agbára ọ́ìlì rẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń yọ gééjì wò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ó ń kọ iye tó bá kún sínú ìwé kan nínú ọkọ̀. Bó bá ti ń jẹ tó lítà kan láàárín 1,000 kìlómítà, kí wọ́n gbé e padà wá.